Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Etí Títì

Nígbà tí a padà dé láti àdúgbò Ṣàngó ní ìlú Ìlọrin, níbi tí a ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, púpọ̀ nínú yín ni ó bi wá léèrè bí a ti ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìwé kíkà, bí ohùn wa ti dún tó nínú kíláàsì, àti irú àmì tí a gbà. Kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè bí àwọn ọmọ náà ti ń dé ilé-ìwé, àti bí wọ́n ti ń padà dé ilé. A kò dá yín lẹ́bi, nítorí àwa pàápàá kò bi ara wa ní ìbéèrè yìí títí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta tí a ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni a fẹ́ bá yín sọ, bí a kò tilẹ̀ lè sọ ọ́ láì dá ara wa lẹ́bi.

Ẹni tí kò bá mọ Ṣàngó, kí ó mọ̀ wípé ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ ni ó là á kọjá. Ọ̀nà náà ni àwọn ará Kúléndé ń gbà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Póólì ti Ìpínlẹ̀ Kwara ń gbà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Láti ìdájí ni ọkọ̀ ti ń kọjá níbẹ̀: takisí, bọ́ọ̀sì, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn oníṣòwò pàtẹ ọjà wọn sí etí títì gan-an, tí ó fi jẹ́ wípé ibi tí ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpótí ìjókòó ni ó gbà á. Ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní apá kan, tí ilé-ìwé rẹ̀ sì wà ní apá kejì, kò lè ṣàì sọdá. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ mùsùlùmí, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ní Ìlọrin, yóò tún lọ sí ilé-kéú nígbà tí ó bá ti ilé-ìwé dé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè sọdá títì nígbà mẹ́rin lóòjọ́, èyí tí í ṣe ogún ìgbà láàárín ọjọ́ 5 tí a fi ń lọ sí ilé-ìwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, agogo ìparí iṣẹ́ lù, gbogbo ọmọ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí oyin tí a fi èéfín lé. Àwa jókòó sínú kíláàsì, a ń fi àmì sí ìwé iṣẹ́ wọn. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 8 ti sọdá títì tán pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sí àárín ọ̀nà. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó padà lọ mú bàtà. Ọ̀kadà kan tí ń bọ̀ gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò kú. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kò gbà á jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì sí nínú àwọn tí ó ṣe ìdánwò ní ìparí sáà náà. Ọlọ́kadà náà kò sá lọ. Ó dúró, ó sì bá wa gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni wípé ọmọ ilé-ìwé wa mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn òbí wọn ń sanwó fún un lóṣooṣù, nítorí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn máa fi ẹsẹ̀ rìn ní títì tí ó léwu.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn kan ní ọmọ náà ni kò gbọ́ràn. Àwọn mìíràn ní ọlọ́kadà ni ó sáré jù. Àwọn mìíràn ní ìyá rẹ̀ ni ó ra bàtà tí ó tóbi jù fún un. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ olùkọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àwa ni àgbà tí ó wà lọ́jà ní ọjọ́ náà. Títì náà kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí tó ogójì ẹsẹ̀, a sì gbọ́ igbe náà láti ibi àga wa.

Láti ọjọ́ náà ni a ti gbà wípé iṣẹ́ olùkọ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kò sì parí síbẹ̀. A sì gbà wípé òbí tí ó bá kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀kadà kan nítorí ìbẹ̀rù títì, inú ewu tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ni ó kó wọn sí. Ó dára kí ọmọ máa rìn lọ sí ilé-ìwé. Ohun tí kò dára ni kí ó máa dá rìn, láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ, láìsí ẹni tí ó sìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ewu náà ti tóbi tó. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023, wọ́n kà á sí bíi 1,190,000 ènìyàn tí ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa ní gbogbo ayé lọ́dọọdún. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́, àti ẹni tí ń gun alùpùpù. Nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29, kò sí àìsàn kan, kódà ibà, tí ń pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. A máa ń kọ́ ọmọ ní bí a ti ń fọ ọwọ́ kí àrùn má baà mú un. Kí ni ó dé tí a kò kọ́ ọ ní bí a ti ń sọdá títì?

Ní ti ọ̀kadà, èrò kan ṣoṣo ni a ṣe é láti gbé. Ìgbà tí ọmọ mẹ́ta bá wà lórí rẹ̀, ẹni tí ó wà níwájú jókòó lé ibi tí epo wà, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò sì rí ohun tí yóò dì mú ju aṣọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ẹ ó rántí wípé nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí mú òfin akoto le ní January 1, 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní ilẹ̀ wa fi igbá borí dípò akoto. A rẹ́rìn-ín wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a rí ní Ṣàngó kò ní igbá pàápàá lórí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọdé kò fi lè dá sọdá, kí ó gbé ìṣirò díẹ̀ yẹ̀wò. Ọkọ̀ tí ń sá eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan a máa rìn tó mítà 16 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí títì bá fẹ̀ ní mítà 8, tí ọmọ sì ń rin mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 8 ni yóò fi wà ní ojú títì. Láàárín àkókò náà, ọkọ̀ yẹn yóò ti rin mítà 133. Èyí túmọ̀ sí wípé ọkọ̀ tí ó dà bí ẹni wípé ó ṣì jìnnà réré, tí ọmọ rí bí ìṣáná, ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó kan etí kejì. Àgbà lè fi ojú díwọ̀n èyí. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 9 tàbí 10 kò lè ṣe é dáadáa. Kì í ṣe àìgbọràn, ọgbọ́n ojú rẹ̀ ni kò tíì pé. Yàtọ̀ sí èyí, ó kúrú. Bí ọkọ̀ kan bá dúró sí etí ọ̀nà, kò lè rí ohun tí ń bọ̀, awakọ̀ tí ń bọ̀ kò sì lè rí i. Ìṣirò yìí ni a fi kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ọ̀sẹ̀ wa tí ó kẹ́yìn, a sì rí i wípé ọmọ tí ó ti ń sùn lórí ìwé ìṣirò ta jí.

Ẹ jẹ́ kí a tún jẹ́wọ́ àṣìṣe wa kejì. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, a dúró níwájú àwọn ọmọ, a ní kí wọ́n máa wo òsì, kí wọ́n wo ọ̀tún, kí wọ́n tún wo òsì kí wọ́n tó sọdá. A na ọwọ́ òsì wa, gbogbo wọn sì yí orí sí ibi tí a nawọ́ sí. Inú wa dùn. Olùkọ́ àgbà kan tí ń kọjá lọ ni ó pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sọ fún wa wípé àwa dojú kọ àwọn ọmọ, nítorí náà apá òsì wa ni apá ọ̀tún wọn. Ibi tí kò tọ̀nà ni a ti ń kọ́ wọn láti kọ́kọ́ wò! Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ ẹ̀yìn sí wọn bí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, tí a sì ń kọ́ ọ ní etí títì gan-an, kì í ṣe níwájú pátákó.

Kí ó yé wa wípé ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Títí di ọjọ́ 2 oṣù April 1972, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà ni a ti yí sí apá ọ̀tún. Ní ayé àwọn bàbá wa, apá ọ̀tún ni ẹlẹ́sẹ̀ ń kọ́kọ́ wò. Ní tiwa, apá òsì ni, nítorí láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó súnmọ́ wa jù ti ń bọ̀. Olùkọ́ tí ó bá mú ìwé tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì kà á fún àwọn ọmọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ikú ni ó ń kọ́ wọn. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, apá òsì títì ni kí ọmọ máa rìn, kí ojú rẹ̀ lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ti ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere yàtọ̀. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀, nítorí òun pẹ̀lú wà nínú àwọn ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ ti dín kù púpọ̀ ní ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni nígbà kan rí, ohun ìyangàn olùkọ́ ni. A kò gba ọmọ kékeré nímọ̀ràn láti gùn ún ní ojú ọ̀nà Jẹ́bà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tí ilé wọn jìnnà lè gba ojú ọ̀nà inú àdúgbò, bí bíréèkì rẹ̀ bá mú, bí agogo rẹ̀ bá ń dún, bí wọn kò bá gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, tí wọ́n bá sì sọ̀kalẹ̀ láti ti kẹ̀kẹ́ wọn sọdá nígbà tí wọ́n bá dé ojú títì ńlá.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé àwa nìkan ni irú wàhálà yìí bá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Netherlands ní 1971, ó ju 400 ọmọdé lọ tí ọkọ̀ pa. Akọ̀ròyìn kan, Vic Langenhoff, tí ọkọ̀ ti pa ọmọbìnrin rẹ̀, gbé kálámù rẹ̀ ní 1972, ó sì ké sí àwọn òbí wípé kí pípa ọmọdé dópin. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ jáde sí ìgboro, ìjọba sì gbọ́. Lónìí, àìmọye ọmọ ní ilẹ̀ náà ni ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé lójú ọ̀nà tí a là sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1969, bíi ọmọ 48 nínú 100 ni ó ń rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ó fi di 2009, bíi 13 péré ni ó kù. Bí òbí kan bá ti fi ọkọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ọkọ̀, ọkọ̀ a pọ̀ sí i ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, òbí kejì a sì bẹ̀rù ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ti ń rí i ní Ṣàngó: ọkọ̀ àwọn tí ó rí jẹ dúró wámúwámú sí ẹnu géètì, ọmọ tálákà sì ń gba àárín wọn yọ jáde lójijì sí títì.

Kí ni kí a ṣe, nígbà tí a kò ní owó láti la ọ̀nà? Ní Australia ní 1992, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Engwicht mú ìmọ̀ràn kan wá tí àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ́wọ́ gbà kí ọ̀rúndún náà tó parí. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà ní ọ̀nà kan náà a máa péjọ ní ibi kan ní àkókò kan, àgbà kan a wà níwájú, àgbà kan a wà lẹ́yìn, wọn a sì jọ rìn dé ilé-ìwé, tí wọ́n ń mú ọmọ mìíràn kún wọn ní ibi tí a ti fi àdéhùn sí, bí bọ́ọ̀sì ti ń mú èrò. Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́sẹ̀ ni a pè é nígbà tí a ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa. Kò jẹ epo, kò sì gba owó.

A dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó kù fún wa. Èkíní, a kọ orúkọ àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí agbo-ilé wọn, a sì mọ àwọn tí ń sọdá títì àti àwọn tí kò sọdá. Èkejì, a kò jẹ́ kí agogo tú gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Àwọn tí kò sọdá a kọ́kọ́ lọ, àwọn yòókù a tò ní méjì-méjì, ọmọ ńlá a mú ọmọ kékeré lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, ojú kan ṣoṣo ni a ń gbà sọdá, àwa méjì a sì dúró níbẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ̀kẹrin, a sọ fún wọn wípé ohunkóhun tí ó bá bọ́ sí ojú títì, ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe owó, ó ti di ti títì; kí wọ́n pe àgbà. Ẹ̀karùn-ún, a lọ bá àwọn ìyá tí ń tajà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ààyè ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ni ó kọ́kọ́ sún igbá rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ó pẹ́ tí a ti ń retí ẹni tí yóò sọ ọ́.”

A mọ̀ wípé àtakò yóò wà. Àwọn kan yóò ní ìjọba ni ó yẹ kí ó fi òkìtì dín eré ọkọ̀ kù, kí ó kun ìlà funfun sí ojú títì, kí ó sì pàṣẹ kí ọkọ̀ má sáré ju kìlómítà 30 lọ níbi tí ọmọdé wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọba ayé ti fi ohùn sí i ní Stockholm ní February 2020. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a máa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ yóò sọdá ní òwúrọ̀ ọ̀la, yálà ìjọba dáhùn tàbí kò dáhùn. Àwọn òbí yóò ní àwọn ń bẹ̀rù àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. A kò lè fi ìbẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ní àkókò tí a wà yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún tí ń rìn pọ̀, tí àgbà tí a mọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn wọn, ṣòro láti jí ju ọmọ kan tí ń dá lọ lọ.

Àwọn olùkọ́ yóò sì ní iṣẹ́ àwọn ti pọ̀ jù, wípé títì kì í ṣe ọ̀ràn tíṣà. Àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ọ̀lẹ; owó oṣù kéré, ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí wípé nígbà tí a dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tí ó mú iṣẹ́ náà lọ́kùn-únkúndùn, òun sì ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní February 1988. Bí olùkọ́ yunifásítì bá lè dúró sí ojú títì, kí ni ó ń ṣe àwa?

Yorùbá ní, kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Ṣàngó lágbára tó láti gbé wọn dé ilé-ìwé. Ojú tiwa ni kò sí lára wọn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ó lọ ní sáà tí ń bọ̀, ẹ máa pín ìdúró etí títì láàárín ara yín láti ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ má dúró títí ẹsẹ̀ ọmọ kan yóò fi dá bí àwa ti ṣe. Ẹ wá àwọn olùkọ́ ilé-kéú àdúgbò náà lọ pẹ̀lú, nítorí àwọn ọmọ kan náà ni gbogbo wa ń kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí ẹ bá wá yẹ iṣẹ́ wa wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́kọ́ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ tètè dé, kí ẹ kọ́kọ́ wá wò wá ní etí títì, kí ẹ sì fún wa ní àmì fún un. Bí ẹ kò bá bá ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ nínú àmì wa, a ó sì gbà wípé ó tọ́ sí wa.